Àgbàrá Òjò Ò Lóun Ò Nílé Wó

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Bí ẹjọ́ agbowó-orí bá délẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ìbáà jẹ́ l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, apá kejì òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ń ṣì gbọ́. Wọ́n rò pé kí onílé bọ́ síta kó máa bá òjò jà ni. Onílé tó gbọ́n kì í bá òjò fa ọ̀rọ̀. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí ló ti la ojú àgbàrá, tó ti fi òkúta ti ẹsẹ̀ ògiri. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń lo agbára kọjá ààlà, ìwé tó ti wà lọ́wọ́ wa kó tó dé la fi ń sọ pé a ò gbà. Ariwo kò ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni ká mọ owó tí wọ́n ń béèrè, torí pé oríṣi méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, Impôts, iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba, ló ń gbà á. Fún ọlọ́jà tí gbogbo títà rẹ̀ lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 50 fráǹkì lọ, TPS (Taxe Professionnelle Synthétique, owó-orí àwọn oníṣòwò kéékèèké) ni wọ́n ń pè é: 5% owó títà, kò sì gbọdọ̀ dín ní 10,000 fráǹkì. Ìyá tó ta ọjà 1,200,000 láàárín ọdún kan yóò san 60,000. Ẹ kíyè sí i pé orí títà ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí èrè. Ibẹ̀ gan-an lẹni tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀ ti ń ṣubú. Tí kò bá lè fi iye tó tà hàn, òṣìṣẹ́ á wo bí ẹrù ṣe kún ṣọ́ọ̀bù, á sì fojú bu iye tó wù ú. Kò ní sí ohun tí a ó fi já a nírọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ lásán, tí a kọ ọjọ́, ọjà àti iye títà sí lálaalẹ́, tó láti dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, pàápàá tí a bá ti kéde iye inú rẹ̀ fún Impôts kí 30 April tó kọjá.

Owó kejì jẹ́ ti ìlú: owó ìsọ̀, owó ìjókòó lọ́jà, owó páàkì. Ìgbìmọ̀ ìlú ló ń jókòó dìbò lé iye rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìpinnu náà ní mérì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Òfin ilẹ̀ wa ti 11 December 1990, ní abala 98, sọ pé òfin nìkan ló lè pinnu ohun tí wọn yóò gba owó-orí lé lórí, iye rẹ̀ àti bí wọn yóò ṣe gbà á. Ẹnu òṣìṣẹ́ kì í ṣe òfin. Ẹni tó bá fẹ́ gba ti Impôts àti ti ìlú pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ìdúró, ó yẹ ká bi í léèrè ẹni tó rán an.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà kéré lójú, àmọ́ òun ló ń tú àṣírí. Iye owó wà lára rẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, kùkùté rẹ̀ sì ń ṣẹ́ kù sínú ìwé tí wọ́n bá já a. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára méjèèjì. Wọ́n ti ka ìwé tí wọ́n kó fún agbowó kó tó jáde. Tó bá padà, iye tíkẹ́ẹ̀tì tó já ni yóò fi jíhìn owó. Èyí tí kò bá já, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè owó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi ń dùn nígbà mìíràn: “Ìyá, dípò 200, ẹ mú 100 wá, ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀.” Ìyá rò pé òun jèrè ọgọ́rùn-ún. Tí agbowó mìíràn bá dé lọ́sàn-án, kò ní ohun tí yóò nà sí i, yóò sì san 200 pé. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ já tèmi fún mi.” Èyí tó. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí agbowó rere tí yóò bínú sí i.

Òṣìṣẹ́ Impôts ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi káàdì iṣẹ́ hàn. Tó bá mú ìwé wá, ẹ fi nọ́ńbà IFU (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tó ń san owó-orí) inú rẹ̀ wé tiyín, gbogbo 13 ọ̀hún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà MoMo (owó orí fóònù) òun fúnra òun, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní owó-orí. Àpò ìjọba la ń sanwó sí, kítáǹsì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé a ti sanwó, sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

“Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ láàárín ara wa” ló léwu jù. Ká má purọ́, ọlọ́jà mìíràn ló ń kọ́kọ́ dá a lábàá. Ó jẹ 60,000, ó fi 25,000 há òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kò gba kítáǹsì. Wọ́n gbé òṣìṣẹ́ yẹn lọ síbòmíràn. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà, ó bá gbèsè 60,000 níbẹ̀ bó ṣe wà, owó ìtanràn sì ti gùn ún. Ta ni ọlọ́jà fẹ́ fẹjọ́ sùn? Òfin 2011-20 tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ kò yọ ẹni tó fúnni sílẹ̀.

Bí ìrẹ́jẹ bá wáyé lóòótọ́ ńkọ́? Bọ́wọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ kọ́kọ́ kó tíkẹ́ẹ̀tì, kítáǹsì àti ìwé tí wọ́n fún yín jọ, kí ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni méjì tó wà níbẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn ti 2018 ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ gba owó tí kò tọ́ tàbí tó ju èyí tó tọ́ lọ, àmọ́ ẹ̀sùn kò tíì di ẹ̀bi. Ẹni tó bá kọ “olè ni lágbájá” sínú lẹ́tà ẹ̀sùn lè rí i pé òun ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ: “Lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí, ó gba 15,000 fráǹkì lọ́wọ́ mi, mo béèrè kítáǹsì, kò fún mi.” Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, tó bá jẹ́ akọ̀wé ló bá yín kọ ọ́, kó kà á fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tí ẹ ó mú padà bọ̀. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò rí i rí.

Ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà ni lẹ́tà ń kọ́kọ́ lọ bá. Tó bá jẹ́ owó ìlú, tí mérì sì dákẹ́, ó kan préfẹ̀, aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní ẹkùn: ti Ájàṣẹ́ wà l'Ájàṣẹ́ níbẹ̀, ti Kétu wà ní Pọ̀bẹ́, ti Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní Ìdàásà. Owó tí ẹ gbà pé ẹ jẹ, ẹ san án lásìkò rẹ̀. Iye tó lé ni kí ẹ máa jà sí. Médiateur de la République, onílàjà láàárín ará ìlú àti òṣìṣẹ́ ìjọba, náà ń gba ẹjọ́ irú èyí lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ kì í dá sí ọ̀rọ̀ tó ti wà níwájú adájọ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà kí ẹ tó ronú kan kọ́ọ̀tù.