Seretse Khama kò ta adé ra ìyàwó

Bí oṣù February bá ti wọlé, tí àwọn olólùfẹ́ ń ra òdòdó kiri, àwọn èèyàn á tún gbé fọ́tò Seretse Khama, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè Botswana, àti Ruth ìyàwó rẹ̀ sórí Facebook. Ohun tí wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í yàtọ̀: ọmọ ọba adúláwọ̀ tó sọ adé nù nítorí obìnrin òyìnbó. Àwọn mìíràn á fi í wé Edward Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe rí. Edward fọwọ́ ara rẹ̀ fipò sílẹ̀ ní 1936 kó lè fẹ́ ẹni tó wù ú. Seretse ní tirẹ̀ ti fẹ́ ẹni tó wù ú tán, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ti gbà fún un tìyàwó-tìyàwó, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó lé e kúrò nílé.

Serowe ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 1 oṣù July 1921, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Bechuanaland nígbà yẹn, tí a mọ̀ sí Botswana lónìí. Khama Kẹta, bàbá bàbá rẹ̀, wà lára àwọn ọba mẹ́ta tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London ní 1895 láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fa ilẹ̀ àwọn lé Cecil Rhodes, olówó òyìnbó tó ń gba ilẹ̀ kiri, lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Seretse nígbà tí Sekgoma bàbá rẹ̀ wàjà, ni Tshekedi, àbúrò bàbá rẹ̀, bá di adelé. Ọmọ náà kàwé dé Fort Hare, ó dé Oxford, ó wá lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní London. Ibẹ̀ ló ti pàdé Ruth Williams ní 1947, akọ̀wé nídìí iṣẹ́ adójútòfò, tó ti bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ṣiṣẹ́ nígbà ogun Hitler. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ lọ, àmọ́ bíṣọ́ọ̀bù London ní kò sẹ́ni tó máa so wọ́n pọ̀ àfi bí ìjọba bá fọwọ́ sí i. Wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní Kensington lọ́jọ́ 29 oṣù September 1948.

Mi ò ní purọ́ pé kò sẹ́ni tó bínú nílé. Tshekedi fárí gá. Kgotla ni gbàgede tí àwọn Tswana ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ ìlú, tí ọkùnrin tó bá ti tójú bọ́ ti lè sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ọba. Wọ́n pé jọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìparí 1948, ọ̀pọ̀ àgbà sì sọ pé àwọn ò fẹ́ ìyàwó òyìnbó. Ibẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń bá a dé. Wọn kì í dé oṣù June 1949.

Lóṣù June yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ló rọ́ dé kgotla Serowe. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Nígbà tó yá, Seretse ní kí àwọn tí kò fẹ́ òun pẹ̀lú ìyàwó òun dìde dúró. Nǹkan bíi 40 ló dìde. Ó ní ó dáa, kí àwọn tó fẹ́ òun dìde. Gbogbo gbàgede ló gbéra ńlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fura pé Tshekedi fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí jókòó ti àga náà títí láé ni, ọmọ Sekgoma sì ni wọ́n mọ̀ lọ́ba. Àwọn Tswana ní kgosi ke kgosi ka morafe, pé àwọn ará ìlú ló ń sọ ọba di ọba. Lójú tiwọn, ẹjọ́ ti parí lọ́jọ́ náà.

Lójú London, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú Malan, àwọn tó gbé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà (apartheid) kalẹ̀, ti gbàjọba ní Gúúsù Áfíríkà ní 1948. Ní 1949 wọ́n ṣòfin pé òyìnbó kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tí kì í ṣe òyìnbó. Kí ọba dúdú kan wá máa gbé pẹ̀lú ìyàwó òyìnbó lẹ́bàá ẹnubodè wọn? Wọ́n yarí. Gẹ̀ẹ́sì náà sì nílò wúrà àti uranium wọn, ẹ̀rù sì tún ń bà á kí wọ́n má lọ gba Bechuanaland tìpá-tìkúùkù. Ìjọba Attlee ní London gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ adájọ́ Walter Harragin. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé Seretse tóótun láti jọba, pé ìgbéyàwó yẹn nìkan ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọ̀kan nínú àwíjàre wọn ni pé Gúúsù Áfíríkà ti fòfin de Seretse pé kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ àwọn, bẹ́ẹ̀ Mafeking, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Bechuanaland wà, inú Gúúsù Áfíríkà ló wà! Olú ìlú yín wà lábúlé ẹlòmíràn, ẹ wá fìyẹn sọ pé ọba ò lè jọba. Ìjọba rí i pé ìwé tí ìgbìmọ̀ náà kọ yóò tú àṣírí àwọn, wọ́n gbé e pamọ́ fún nǹkan bí 30 ọdún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1950, wọ́n ránṣẹ́ pè é wá sí London bí ẹni fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ìtùnbí-ìnùbí. Wọ́n ní kó fi oyè sílẹ̀, àwọn á máa fún un ní £1,100 lọ́dún. Ó kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó fẹ́ ta adé, ọjà dé nìyẹn, kí ló dé tí kò tà á? Wọ́n ní kó má padà sílé fún ọdún márùn-ún. Churchill tó jẹ́ alátakò nígbà náà bẹnu àtẹ́ lù wọ́n gidigidi. Nígbà tóun náà dórí àlééfà, ìjọba rẹ̀ sọ ìlélọ náà di títí láé ní 1952. Wọ́n tún fi iṣẹ́ ní Jàmáíkà lọ̀ ọ́. Ó tún kọ̀.

Àwọn ará ilé ńkọ́? Nígbà tí Evelyn Baring, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, pe kgotla ní Serowe ní oṣù March 1950 láti wá kéde ìpinnu London, kò sẹ́ni tó yọjú. Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yan ọba mìíràn, àwọn ará ìlú ní ọba àwọn wà láyé. Ní oṣù June 1952, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Serowe, tọkùnrin-tobìnrin sọ òkúta, ọlọ́pàá mẹ́ta sì kú. Ṣé báyìí làwọn tó lé ọba wọn nítorí ìyàwó ṣe ń ṣe?

Tshekedi tí gbogbo èèyàn sọ di ọ̀dàlẹ̀ inú ìtàn náà, Gẹ̀ẹ́sì lé òun náà kúrò ní ilẹ̀ Bangwato, ìyẹn ẹ̀yà tiwọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun padà wálé. Ìgbà tí àwọn méjèèjì parí ìjà ní 1956 ni wọ́n tó jùmọ̀ fọwọ́ síwèé pé àwọn kò ní du oyè mọ́. Ìwé yẹn nìkan ni ibi tí Seretse ti fi adé sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni, owó ibodè tó máa fi wọlé sílùú bàbá rẹ̀ ni, Ruth ò sí níbẹ̀ rárá.

Ó gbìyànjú iṣẹ́ màlúù, kò fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú. Òṣèlú ló bá a lára mu. Ní 1962, òun àti Quett Masire dá ẹgbẹ́ òṣèlú BDP (Botswana Democratic Party) sílẹ̀. Jáàkì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò ni àmì ẹgbẹ́ wọn, ni àwọn èèyàn bá sọ ẹgbẹ́ náà ní Domkrag, orúkọ jáàkì lédè Afrikaans. Ìjókòó 28 nínú 31 ni wọ́n kó nínú ìbò 1965, Seretse di olóòtú ìjọba, ó sì di ààrẹ nígbà tí Botswana gbòmìnira lọ́jọ́ 30 oṣù September 1966. Ní 1967, ìjọba rẹ̀ ṣe òfin tó gba ẹ̀tọ́ ohun àlùmọ́ọ́nì lọ́wọ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fún orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa, ní ilẹ̀ Bangwato gan-an. (Bí ẹ bá sì ń wá ọba tó dìídì bọ́ adé sílẹ̀ ní Botswana, Bathoen Kejì ti àwọn Bangwaketse, ẹ̀yà Tswana mìíràn, ni. Ó fipò sílẹ̀ ní 1969, ó díje, ó sì fi ìbò gbé Masire ṣubú ní agbègbè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé fọ́tò tirẹ̀ kiri lóṣù February.)

Seretse kú ní 1980. Ruth kò kó ẹrù padà sí London; Botswana ló gbé títí tó fi kú ní 2002, Serowe ni wọ́n sì sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, láàárín àwọn ọba.

Ìwé 1956 yẹn sọ pé Seretse àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní jẹ oyè náà mọ́. Ní 1979, tí bàbá ṣì wà láyé, tó ṣì ń ṣe ààrẹ, àwọn Bangwato mú Ian, àkọ́bí ọkùnrin tí Ruth bí fún un, wọ́n sì fi í jẹ kgosi.