Kóìlì Ni, Kóìlì Ni: Ta Ló Wò Ó?

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ́ńjìnnì ìgégi ṣe láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣàgámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó lè tú púlọ́ọ̀gì wò kó tó lanu sọ̀rọ̀ ni? Ẹ́ńjìnnì ò mú iná, mo gbé e dé ìsọ̀, mi ò tíì rí àga jókòó, wọ́n ti pariwo: "Kóìlì ni, bọ̀ọ̀dá. Ẹ lọ mówó wá." Kóìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, báwo? Ta ló sọ fún yín? Àbí ẹ lálàá ẹ̀ lóru ni?

Stihl 070 ni ẹ́ńjìnnì tí mò ń sọ, ti àwọn ará Jámánì, 106 cc, irú èyí tí àwọn onígẹdú fi ń gé ìrókò àti àpá lulẹ̀ nígbà tí agbégilódò ṣì ń tò bẹẹrẹ lójú ọ̀nà Orù. Ó dàgbà ju àwọn ọmọṣẹ́ tó ń tú u lọ. Kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan nínú tí ẹnì kan máa fi sọ pé òun ò kàwé. Mágínẹ́ẹ̀tì wà lára fúláwíìlì, irin róbótó tó ń yí bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, ó ń yí kọjá lára kóìlì. Kọ́ńtáàtì kékeré kan wà lábẹ́ fúláwíìlì yẹn, ó ń ṣí, ó ń padé. Kòǹdẹ́ńsà kan tí kò ju orí ìka lọ wà níbẹ̀ tó ń gba iná tó bá fẹ́ fò níbi tí kọ́ńtáàtì ti ń ṣí. Kọ́ńtáàtì ṣí, kóìlì ju iná sókè, púlọ́ọ̀gì ta. Ó parí. Kò sí bátìrì, kò sí ohun ìyanu.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ṣe é, ohun tí mo ti sọ fún wọn títí ẹnu mi fi bó. Láàárọ̀, tó bá tutù, á jí wẹ́rẹ́. Á ké ramúramù, àwọn tó wà lóko kejì á mọ̀ pé a ti débẹ̀. Tó bá wá gbóná dáadáa, tí irin ti wọ inú igi, á kú. Kò ní kọ́kọ́ kọ́ ikọ́, ohùn rẹ̀ ò ní lọọlẹ̀, kíkú òjijì ni. Ẹ fa okùn kí apá yọ, kò ní dáhùn. Ẹ jókòó, ẹ mu gàrí, ẹ bú ìjọba díẹ̀, kí ara ẹ̀rọ tutù, ẹ wá fà á, vùùmù! Ó tún jí.

Ẹni tó mọṣẹ́ tó gbọ́ àlàyé yìí, ó yẹ kó ti mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nígbà òtútù tó ń kọṣẹ́ nígbà ooru. Kóìlì lè ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Kòǹdẹ́ńsà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Epo náà lè fẹ́ jọ ọ́, torí bí ihò tí táńkì fi ń mí lára ọmọrí bá dí, epo ò ní sàn mọ́ tó bá yá, ẹ́ńjìnnì á kú, á sì jí lẹ́yìn tó bá sinmi. Ohun tí ẹni tó lọ́pọlọ á ṣe nìyẹn: á yà wọ́n sọ́tọ̀. Kó tú púlọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀ tó kú, ní gbígbóná, kó fi sẹ́nu wáyà, kó fi irin ara rẹ̀ kan ara sílíńdà, kó gbé e jìnnà sí ihò tó ti yọ ọ́ torí epo ń fẹ́ jáde níbẹ̀, kó wá fa okùn. Tí iná búlúù bá ta pàù, iná wà, kó lọ máa bá epo ṣe ọ̀rọ̀, kó dẹ ọmọrí táńkì wò. Tí púlọ́ọ̀gì bá tutù rin fún epo tí kò sì ta rárá, tàbí tó ń ta pupa rúkerùke, epo dé, iná ni kò dé. Iṣẹ́ yìí ò gba àkókò tí ènìyàn fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín kan tán. Kò gba kọ́bọ̀.

Ṣé wọ́n ṣe é? Láéláé! Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé nígbà tí a bá fi máa fi ọ̀kadà gbé e láti inú oko dé ìgboro, ó ti tutù. Ọ̀gá á fà á lẹ́ẹ̀kan, á jí. Á yí sí mi, á rẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá, kò sí nǹkan tó ṣe é o. Ẹ fún àwọn ọmọ lówó omi." Mo ní kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi gbóná. Ó ní epo ti wọ́n. Epo mi ni o! Èmi ni mo rà á, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi pé epo wọ́n. Mo ní kó jó o. Ó ní òun ní iṣẹ́ míì.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìpẹ̀rù, wọ́n pààrọ̀ kóìlì fún un, wọ́n tún pààrọ̀ èyí tí wọ́n pààrọ̀. Níkẹyìn, kí ni? Wáyà tó lọ síbi bọ́tìnnì tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà ara rẹ̀ ti jẹ níbi tó ti ń ha ara irin, gbogbo iná tí kóìlì ń mú wá ń gba ibẹ̀ sá lọ sára ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì rò pé wọ́n ti pa òun ni! Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ wáyà yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára kóìlì tó sì fa okùn wò, ojú ẹsẹ̀ ló máa rí i. Wáyà kan péré. Ṣùgbọ́n owó wo ló wà nídìí wáyà? Kóìlì ló lówó nídìí. Ẹni tó bá ní wáyà ni, á gba owó omi nìkan. Ẹni tó bá ní kóìlì ni, á mú oníbàárà lọ sí ìsọ̀ ẹni tó ń ta pátì, àwọn méjèèjì á sì pàdé lẹ́yìn tí oníbàárà bá lọ tán. Ẹ má pè mí ní abanijẹ́ torí mo sọ ọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá dórí fúláwíìlì, torí ibí yìí ni inú ti bí mi dé góńgó. Láti dé ibi kọ́ńtáàtì, fúláwíìlì gbọ́dọ̀ kúrò. Púlà, irin tí wọ́n fi ń fà á yọ, wà fún un. Irin kékeré ni, rìwáyà tó mọyì ara rẹ̀ lè ní kí alágbẹ̀dẹ bá òun ṣe é. Ọmọkùnrin tó gba tèmi ò ní púlà. Òòlù ló ní. Bí ẹni tó ń pa ẹ̀kùrọ́ ló ṣe dojú kọ ọ́, gbàù, gbàù, abẹ́bẹ̀ ara fúláwíìlì fò lọ sínú iyanrìn. Mo pariwo. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan." Kò ṣe nǹkan kan! Abẹ́bẹ̀ yẹn ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí sílíńdà. Èmi tí mo wá torí pé ẹ́ńjìnnì mi ń kú tó bá gbóná, o wá gé ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i dànù. Kí ló wá kù tó o fẹ́ bá mi ṣe? Kíì kékeré tó di fúláwíìlì mú sára ọ̀pá tó ń yí i, tí òòlù bá ti gé e, fúláwíìlì á yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, iná á máa ta nígbà tí kò yẹ, okùn á já gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á. Mo mọ ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú torí irú rẹ̀.

Ó ṣí i tán, kọ́ńtáàtì dúdú kirikiri, ó ti jó. Mo ní, "Àbúrò, wo kòǹdẹ́ńsà." Torí bí kòǹdẹ́ńsà bá ti kú, iná á máa fò lójú kọ́ńtáàtì dípò kó lọ sí púlọ́ọ̀gì, á sì máa sun ún báyìí. Ẹ̀rí wà níbẹ̀, ó ń wò wá lójú. Ó ní rárá, kóìlì ni. Ó fi sáńdípépà tí wọ́n fi ń ha ara ọkọ̀ ha kọ́ńtáàtì, iyanrìn kún ojú rẹ̀, ó fi ìka tó kún fún ọ́ìlì nù ún. Ká ní pépà ìwé àwọn ọmọ iléèwé ló rẹ sínú bẹntiróòlù díẹ̀ tó fi fà á láàárín rẹ̀, ojú rẹ̀ ì bá mọ́. Ó wá kù ká wọn àlàfo. Mo bi í pé fílà, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, dà. Ó mú bíléèdì abẹ yọ lápò!

Ẹ bá mi ṣírò. Bíléèdì abẹ kò nípọn ju 0.1 mm lọ. Àlàfo kọ́ńtáàtì irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yìí máa ń wà láàárín 0.35 sí 0.4 mm. Tí àlàfo bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kọ́ńtáàtì ò ní tètè ṣí, iná á pẹ́ kó tó ta, ẹ̀rọ tó ń gé àpá á wá máa rọ́jú kó tó gé ayunrẹ́. Mo ní tó bá jẹ́ bíléèdì lo fẹ́ lò, ó kéré tán kó o to mẹ́rin pọ̀. Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá ẹ̀.

Wọ́n fi kóìlì tuntun sí i, "orijínà" tí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ń ṣí mọ́ èékánná. Ẹ́ńjìnnì wá ń kú kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo padà lọ bi í: kóìlì mi àtijọ́ dà? Ó ní òun ti jù ú nù. Kóìlì Jámánì tí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, tí kò sẹ́ni tó fi mítà kàn án ní tútù àbí ní gbígbóná, o jù ú nù sí ibo? Nínú ìsọ̀ tí ẹ ò ti ń ju nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà nù! Ẹnì kan ti ń fi gé igi gẹmẹ́línà ní apá igbó ọba J4 báyìí, ẹ ò lè sọ nǹkan míì fún mi.

Gbogbo àsìkò yìí, igi ṣì wà nílẹ̀ nínú oko kòkó Màmá kan lọ́nà Mámù. Màmá ń pè mí ní àárọ̀, ń pè mí ní alẹ́: "Ọmọ mi, kòkó mi ò lè mí o." Àwọn tó fẹ́ ru pákó ti gba owó iṣẹ́ ẹlòmíì. Onímọ́tò tó yẹ kó wá kó o ní tí òjò bá bọ́ sí ọ̀nà yẹn, òun ò wọ̀ ọ́ mọ́, òótọ́ ló sì sọ.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú náà wà o, àwọn tó ń sọ pé kí n tà á fún onírin, kí n ra tuntun. Tuntun wo? Ẹ lọ wo owó tuntun tó jẹ́ ojúlówó kí ẹ tó gbà mí nímọ̀ràn. Èyí tí owó yín ká, á gé igi ọ̀dàn títí di ọdún iléyá, tí a bá fi máa dé Ojúdé Ọba ó ti di ìjókòó adìyẹ. Ẹlòmíì ní ọ́ìlì ni mi ò pò dáadáa. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀. Àwọn tó ń da ọ́ìlì tí wọ́n dà jáde lára ọkọ̀ pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù, tí púlọ́ọ̀gì wọn ń dúdú bí ìdí ìkòkò, kí wọ́n lọ dáhùn ìyẹn. Tèmi, sára ṣéènì nìkan ni irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ń dé.

Ta ló wá rí i ṣe? Bàbá àgbà kan ní Orù tó ń ṣe rìwáyà fún àwọn ọkọ̀ tí ẹ ò lè mọ orúkọ wọn mọ́. Bàbá ò sọ pé kóìlì ni. Bàbá bi mí pé, "Tó bá kú, o máa ń tú púlọ́ọ̀gì wò?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bàbá mú kòǹdẹ́ńsà ọkọ̀ àtijọ́ kan nínú agolo, ó yọ ti abẹ́ fúláwíìlì kúrò nínú iṣẹ́, ó fa wáyà síta, ó so tuntun mọ́ ibi tí ooru ò ti ní dé bá a. Owó tí Bàbá gbà ò tó owó ọ̀kadà tí mo ti san lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kóìlì játijàti yẹn ló ṣì wà lára ẹ̀rọ mi, abẹ́bẹ̀ fúláwíìlì ò sì lè hù padà.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún máa fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mi, inú oko ló ti máa ṣe é, ní gbígbóná, lójú mi. Kó mú púlà tirẹ̀ wá, kó mú fílà tirẹ̀ wá. Mi ò fẹ́ rí òòlù. Pátì àtijọ́ gbọ́dọ̀ wọ àpò mi kí tuntun tó wọ ara ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó má wulẹ̀ gun ọ̀kadà wá, mi ò ní í san owó rẹ̀.