Ẹ Ò Tilẹ̀ Rí Nǹkan Fìrí

Àwọn àgbà ti sọ tiwọn lórí ọ̀rọ̀ erin: àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́ yóò gba ọlidé, tí kò ní í rí erin, tí kò ní í rí nǹkan fìrí, tí fọ́tò erin yóò sì ti wà lórí WhatsApp rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ohun tó lòde báyìí nìyẹn. Òkè Ìdànrè ti di ti ọmọ pámárì lójú wọn. Àtẹ̀gùn bíi 660, ta ni kò tíì gùn ún? Igbó Omo ló kù, lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí díẹ̀ lára erin tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ Yorùbá fara pamọ́ sí. Láti 1925 ni ìjọba ti sọ ọ́ di igbó ọba, ìwé àṣẹ ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo gúrúùpù tí wọ́n ṣí fún ìrìn àjò náà: ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jà lórí àwọ̀ àǹkò, ẹni tó béèrè pé ta ló ń kọ̀wé gba àṣẹ, wọ́n ní kó má ba ìgbádùn àwọn jẹ́.

Sienna ni wọ́n háyà. Ìjà ta ni yóò jókòó níwájú le ju ìjà Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àkúrẹ́ sí Oǹdó, Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀, bíi kìlómítà 100, kò sí wàhálà; ìgbà tí wọ́n bá yà kúrò lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n wọ J4, abúlé tó wà nínú igbó Omo, ni ojú ń là. Inú òjò ni ọlidé gígùn máa ń bọ́ sí. Ọkọ̀ agẹgẹdú ti wa ilẹ̀ pupa yẹn di kòtò. Hilux tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà pọ̀ ló lè kọjá níbẹ̀. Ikùn Sienna á jókòó sórí ẹrọ̀fọ̀, bàtà funfun mẹ́jọ á sì sọ̀ kalẹ̀ wá tì í.

Nínú igbó ńkọ́? Wọ́n gbé sípíkà dání. Erin ń gbọ́ ìró tó rẹlẹ̀ débi pé etí èèyàn kò lè mú un, ẹ̀yin wá ń lu báàsì fún un. Kí ẹ tó rìn dé ìdí igi kejì, ó ti mọ̀ pé ẹ dé. Lọ́fínńdà náà ńkọ́? Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín lọ síwájú, ọwọ́jà erin, imú gígùn rẹ̀ yẹn, ti gbà á tipẹ́. Ṣòkòtò péńpé tí wọ́n wọ̀, ìjàlọ ló mọ rírì rẹ̀. Ẹni tó gbọ́n á ki ẹnu ṣòkòtò gígùn bọ inú sọ́kìsì.

Ohun tí ẹ̀ṣọ́ igbó lè fi hàn yín lọ́sàn-án ni imí àti ipasẹ̀, ó sì dùn ún wò, bí ẹ bá ní sùúrù. Imí tó ṣì ń gbóná, tí eṣinṣin bò, erin kò tíì jìnnà. Èyí tó gbẹ tí olú ti hù lórí rẹ̀, onítọ̀hún ti lọ tipẹ́. Ipasẹ̀ iwájú rí róbótó, tẹ̀yìn gùn bí ẹyin. Ẹ fi okùn yí ipasẹ̀ iwájú po: bí okùn bá jẹ́ mítà 1.2, erin náà ga tó mítà 2.4 ní èjìká, nítorí ìlọ́po méjì ni. Ẹ sọ èyí fún wọn, wọn á ní àwọn ò wá ṣe ìṣirò. (Ọdẹ ni Aṣọdẹbóyèdé tó tẹ Àkúrẹ́ dó, ó ṣọdẹ, ó bá oyè dé. Àwọn wọ̀nyí bá ibà dé.)

Wàyí o, fọ́tò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti jí i, ti Táílándì ni, níbi tí àlejò ti ń wẹ erin lódò. Ẹni tó bá lójú á rí i: etí erin Éṣíà kéré, iwájú orí rẹ̀ wú ní méjì. Ti igbó wa, etí rẹ̀ rí róbótó, eyín rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan sísàlẹ̀ kó má baà máa há sí igi. Kódà, ẹnu ọwọ́jà tiwa ní ìka méjì, ti Éṣíà ní ẹyọ kan. Ẹni tó gbé fọ́tò náà síta ní òun wẹ erin ní J4! Erin tí ẹ̀ṣọ́ igbó pàápàá kì í sábà fojú rí.

Ẹnì kan béèrè lábẹ́ fọ́tò náà pé àwa tí a jọ lọ dà, a ò sì rí erin. Ẹni tó gbé e síta dá a lóhùn, “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ẹ̀ ń ti Sienna lọ́wọ́.”