Ilé alámọ̀ tí mo rà n'Íjẹ̀bú-Òde: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Pòrógùn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé àkọ́kọ́ tí mo máa rà láyé mi rèé. Ilé alámọ̀ ni, yàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Páànù ti dípẹtà, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ń bó. Mo fẹ́ kun ọ̀dà kí n sì tẹ́ táìsì kó tó di Ojúde Ọba tí à ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, torí àlejò ń bọ̀ láti Èkó. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀.

Bíríkìlà Ṣágámù: Ọ̀gá mi, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ná. Òjò ló ń pa ilé alámọ̀, Iléyá àwọn ọdún wọ̀nyí sì ń bọ́ sígbà òjò. Ẹ gun àjà, ẹ fi òòlù kékeré máa kan igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún kọ́kọ́kọ́ ṣì dáa. Èyí tí òòlù bá rì sínú rẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ìdí ilé ló kàn: ẹ wò ó bóyá ọ̀gbàrá ti wọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ.

Ọmọọ̀ta Èkó: Kí lẹ ń tún amọ̀ ṣe sí? Ẹ wó o, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Sìmẹ́ǹtì kì í dúró lára amọ̀.

Bíríkìlà Ṣágámù: Kì í dúró torí wọ́n ń po ó le jù. Amọ̀ máa ń fa omi látilẹ̀, atẹ́gùn ló ń gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì líle bò ó, omi á há sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á di ẹrẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ya bọ́. Ẹ ha èyí tó ti wú kúrò. Ẹ̀ẹ̀kàn kọ́ ni mo ti ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Wó kẹ̀? Ilé alámọ̀ ni wọ́n bí mi sí n'Íjẹ̀bú-Igbó. Nínú ooru oṣù kejì, a ò mọ̀ pé oòrùn ń ràn níta. Ọmọ mi, má wó o.

Amòfin Àgbà: Ta ló buwọ́ lùwé fún yín?

Ọmọ Pòrógùn: Àbígbẹ̀yìn bàbá tó ni ín ni, sà. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Bàbá ti kú.

Amòfin Àgbà: Ẹ má tíì kan ìṣó kankan. Bí bàbá bá kú láìṣe wíìlì, gbogbo ọmọ ló jogún ilé náà. Bí olórí ẹbí, ìyẹn dáwódù, ò bá sí nínú títà rẹ̀, òfin ò kà á sí títà rárá. Bí òun náà bá sì dá a tà láìsọ fáwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Ìjà tí mo ti rí lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ò kéré.

Bíríkìlà Ṣágámù: Òótọ́ ni, sà, ṣùgbọ́n òjò ò ní dúró de ìpàdé ẹbí. Kó ra tapólì, kó fi bo ibi tó ń jò.

Amòfin Àgbà: Tapólì ò burú. Páànù tuntun ni mi ò fọwọ́ sí.

Ọmọ Pòrógùn: Ẹ̀rù ti ń bà mí báyìí. Yàrá kan wà lápá òsì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì gbé àárín ilẹ̀ rẹ̀ ga. Mo rò pé pèpéle ni.

Ìyá Ìbejì: Sàréè bàbá wọn nìyẹn, ọmọ mi. Inú ilé ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń sin àgbà wọn sí. Má tẹ́ táìsì lé e o. Mú obì àti ọtí dání lọ bá dáwódù lọ́jọ́ Sátidé, kí o sì bi í tààrà bí wọ́n ṣe fẹ́ ká ṣe ojú oórì náà.

Ọmọ Pòrógùn: Mo gbọ́, mà. Mò ń lọ ra tapólì lónìí.