Iṣẹ́ Àṣetiléwá Tó Yẹ Kí Gbogbo Ayé Kà

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, títí dé ìpàdé ẹbí, ẹjọ́ kan náà là ń gbọ́: íntánẹ́ẹ̀tì ti ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Wọn kì í kàwé mọ́. Wọn kì í kí èèyàn. Ohun tí wọ́n bá rí lórí fóònù ni wọ́n ń fi ṣèwà hù. A ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹni tó bá ti rí ọmọdé tó ń rọ̀jò èébú lé àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí lórí lábẹ́ fídíò ẹlẹ́yà, tàbí tó ń pe oníjìbìtì ní akọni nítorí mọ́tò tó ń gùn, mọ̀ pé ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àbọ̀ ẹjọ́ ni, ṣá. Ibi púpọ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwà tí ibì kọ̀ọ̀kan sì ń kọ́ ọmọ kò dọ́gba. Níbi tí wọ́n ti ń fi iye èèyàn tó tẹ àmì ọkàn díwọ̀n ọ̀rọ̀, aláriwo ló ń jèrè. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti jọ ń ṣe nǹkan kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè dá pè ní tòun, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé: níbo lo ti rí i? Ta ló ṣe é ṣáájú rẹ? Ṣé wàá gbà kí ẹlòmíràn tún un ṣe? Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti bá àwọn ọmọ wí tó nípa ibi àkọ́kọ́. Ó tó àsìkò kí wọ́n fọwọ́ ara wọn mú wọn dé ibi kejì, láti inú kíláàsì, ní èdè Yorùbá.

Wikipedia la máa mú, torí òun ni tọmọdé tàgbà mọ̀. Jimmy Wales àti Larry Sanger dá a sílẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, àwọn ọ̀mọ̀wé sì fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: irú ìwé ìmọ̀ wo ni kí ẹni tó bá ṣáà ti wù máa wọlé wá kọ nǹkan sí? Nígbà tó di 2012, àwọn tó ń tẹ Encyclopaedia Britannica, ìwé ìmọ̀ tó ti wà láti 1768, kéde pé àwọn ò ní tẹ̀ ẹ́ sórí bébà mọ́. Wikipedia ti èdè Yorùbá náà kì í ṣe ọmọ àná. Ó ti lé ní ogún ọdún, àyọkà inú rẹ̀ sì ti kọjá 30,000.

Ẹni tó bá ń kà á lásán kò tíì rí ohun tá à ń wí. Lókè àyọkà kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí wọ́n kọ "ìtàn" sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọwọ́ tó ti kan àyọkà náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bó ṣe máa ń lọ rèé: ẹnì kan á kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ìlú rẹ̀. Ẹlòmíràn á dé lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, á sọ "oba" di "ọba". Ẹnì kẹta á yọ "ìlú tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Yorùbá" kúrò, torí kò sí ẹ̀rí. Inú á bí ọmọ ìlú, á dá a padà. Wọ́n á tún yọ ọ́. Ìgbà náà ni wọ́n á bọ́ sí ojú ewé "ọ̀rọ̀" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyọkà náà, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ títí tí ẹnì kan á fi mú ìwé wá. Èébú kò ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń búni, wọ́n á tì í síta.

Ọmọ tí wọ́n bá ti bi ní "níbo lo ti rí i?" níwájú gbogbo ayé kò ní í tètè da irọ́ sínú WhatsApp ẹbí. Ẹ fi wé oríkì ìlú tó ń káàkiri lórí fóònù wa. Ẹni tó fi ránṣẹ́ á kọ sísàlẹ̀ pé bí òun ṣe rí i gbà lòun ṣe fi ránṣẹ́. Kò lámì ohùn. Ìlà méjì ti já láàárín. Ẹnì kan ti fi orúkọ agboolé tirẹ̀ há a. Ta ló kì í, ìlú wo, ọdún wo, kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe, torí ẹ̀dà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti wà níta, gbogbo wọn ló sì ń pe ara wọn ní ojúlówó.

Àwọn bàbá wa mọ iṣẹ́ àjọṣe. Ọ̀wẹ̀ ni: onílé á se oúnjẹ, ará àdúgbò á wá bá a mọ ilé, kò sì sí ẹni tó máa padà wá béèrè pé ògiri tòun dà. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì fi kún un ni pé ẹni tí o kò rí rí, tí kò mọ ìyá rẹ, ló máa wá bá ọ mọ ọ́n. Lọ́dún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, Linus Torvalds, gbé ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ síta kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bá òun tún un ṣe. Wọ́n pè é ní Linux. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Android lé, èyí tó wà nínú fóònù tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Fóònù tí wọ́n fi ń wo fídíò ẹlẹ́yà gan-an, àjọṣe ló bí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Nítòsí wa níbí, ẹ wo Mákòkó l'Ékòó. Fún ìgbà pípẹ́, àdúgbò orí omi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lórí máàpù kankan. Láti nǹkan bí ọdún 2019, àjọ méjì, Code for Africa àti Humanitarian OpenStreetMap Team, kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò náà bí wọ́n ṣe ń darí dróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lókè tó sì ń yàwòrán. Àwòrán tí wọ́n yà lókè ni wọ́n fi fa ilé àti ojú omi sórí OpenStreetMap, máàpù tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Ẹ lọ sọ fún irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ pé àdúgbò rẹ̀ kò sí.

Ìṣòro kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Wikipedia kì í gba "bàbá mi ló sọ fún mi". Ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ló ń fẹ́, ìtàn tiwa sì pọ̀ lẹ́nu ju inú ìwé lọ. Àwọn kan ti torí èyí sọ pé òfin òyìnbó ni, kò bá wa mu. A ò gbà pẹ̀lú wọn. Babaláwo tó bá ṣi ẹsẹ Ifá kì láwùjọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í dákẹ́ fún un. Òfin pé kí èèyàn má dá sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ti wà nílé wa kí òyìnbó tó dé. Ohun tó kù ni kí a tẹ ọ̀rọ̀ àgbà jáde, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ó lè di ẹ̀rí. Iṣẹ́ àwa oníwèé ìròyìn nìyẹn láti ìgbà tí Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta ní 1859. Iṣẹ́ àwọn yunifásítì náà sì ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dunni. Lọ́dọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, láti Ìbàdàn dé Ilé-Ifẹ̀ dé Adó-Èkìtì, máa ń wọ abúlé lọ gba ohùn àgbà sílẹ̀: rárà, ẹkún ìyàwó, ìjálá, orúkọ ewé, ìtàn orírun àdúgbò. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi èèpo líle dì í, olùkọ́ á fún wọn ní máàkì. Ìwé náà á wá jókòó sí orí pẹpẹ ẹ̀ka, eruku á máa bà lé e. Ìyá tó sun ẹkún ìyàwó fún akẹ́kọ̀ọ́ ti lè filẹ̀ ṣaṣọ bora kí ọmọ náà tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀dà kan, yàrá kan, kọ́kọ́rọ́ kan.

Ó yẹ kí ilẹ̀ Yorùbá ti kọ́gbọ́n nípa ẹ̀dà kan ṣoṣo. Àlùfáà Samuel Johnson, tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ lọ́dún 1897. Ó sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé nílùú òyìnbó. Ní 1901 ó kú, kò fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un kọ. Ọdún 1921 ló tó jáde. Bí kì í bá ṣe àbúrò yẹn ńkọ́?

Àwọn tó ń ṣiyèméjì nípa iṣẹ́ ọmọ iléèwé ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Lọ́dún 2020, àṣírí tú pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, tí kò gbọ́ èdè Scots tí wọ́n ń sọ ní Skọ́tlándì, ló kọ àyọkà tó lé ní 20,000 nínú Wikipedia èdè náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò ní ibi lọ́kàn. Àwọn tó gbọ́ èdè náà ni kò sí níbẹ̀ láti dá a dúró. Ní èdè Cebuano ti Philippines, àyọkà lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, ẹ̀rọ ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà, bí inú ṣe ń bí àwọn kan pé àyọkà Hausa ti pọ̀ ju tiwa lọ, ìyẹn kọ́ ni ìjà wa. Ìjà wa ni àwọn ìdíje tó ń fún ẹni tó bá kọ àyọkà tó pọ̀ jù lẹ́bùn, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ túmọ̀ ìlà méjì méjì, tí "oko", "ọkọ" àti "ọkọ̀" á fi jọ di "oko". Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè àti èyí tó ń dáhùn ìbéèrè, ohun tí wọ́n bá bá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń kọ́ Yorùbá, Wikipedia sì wà lára rẹ̀. Àṣìṣe tí a bá kọ síbẹ̀ lónìí ni ẹ̀rọ máa fi dá ọmọ wa lóhùn lọ́la.

Ohun tí à ń fẹ́ kò pọ̀. Kí àwọn kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì sọ àròkọ Yorùbá ní SS1 di iṣẹ́ gidi. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan ní ìlú rẹ̀ tí kò tíì ní àyọkà: ọjà, odò, ọdún, iléèwé àtijọ́. Kí ó wá ẹ̀rí méjì. Kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gòkè. Ìnagijẹ ni kí wọ́n lò, kí ẹnikẹ́ni má rí orúkọ ọmọdé níta. Lẹ́yìn náà, kí kíláàsì iléèwé mìíràn tún un ṣe, kí máàkì àtúnṣe sì tó máàkì ìkọ̀wé. Èyí ló jẹ wá lógún jù. Iléèwé wa mọ bí wọ́n ṣe ń nà ọmọ tó wo ìwé ẹlòmíràn nínú yàrá ìdánwò, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tí a ti ń kọ́ ọmọ bó ṣe lè fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn, kó mú un dára sí i, kó sì fi orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n á ní kò sówó. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013, wọ́n rówó tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Iṣẹ́ rere ni, àmọ́ ìwé ni wọ́n kó sínú rẹ̀ fún wọn láti kà. Èyí tí à ń wí yìí kò tó bẹ́ẹ̀ náwó. Fóònù kan fún kíláàsì kan tó, àyọkà kì í jẹ dátà bíi fídíò. Wọ́n á ní àmì ohùn ń yọni lẹ́nu. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe àkójọ orúkọ lórí YorubaName.com, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi orúkọ tó mọ̀ ránṣẹ́, ti ṣe ohun èlò ìfàmìsí tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n má sì dúró de Àbújá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kíkọ́ ọmọ ní èdè abínibí lọ́dún 2022, wọ́n sì wọ́gi lé e ní 2025. Àròkọ Yorùbá kò nílò àṣẹ wọn.

Ní ti àwọn yunifásítì, kí ìgbìmọ̀ àgbà wọn pàṣẹ pé iṣẹ́ àṣekágbá tó bá gba ohùn ará ìlú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àgbà tó sọ̀rọ̀, bí àgbà náà bá gbà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ti wà lórí pẹpẹ.

Sáà tuntun máa ń wọlé lóṣù kẹsàn-án. Kọmíṣọ́nà tó bá kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá iléèwé ìpínlẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ó tẹ lẹ́tà náà sí ojú ewé wa àkọ́kọ́.