Òfìfo kì í ṣe òpin, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irinṣẹ́ tó ń ka lọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ṣe!

Ta ló kọ́ yín pé bí ojú-ewé èsì kan bá ṣófo, lọ́ọ̀gì ti tán nìyẹn? Bí èèyàn bá dé ìsọ̀ kan l'Ọjà Ọba Àkúrẹ́ tí kò bá ata, ṣé á ní ata ti tán láyé ni?

Lórí CloudWatch, ibi tí Amazon ń kó lọ́ọ̀gì sí, FilterLogEvents (ìpè tó ń ṣa ìlà lọ́ọ̀gì) lè dá ojú-ewé tí kò ní ẹyọ ìlà kan padà, kó sì so nextToken, àmì tí ẹ máa fi béèrè ojú-ewé tó kàn, mọ́ ọn nídìí. Ó ṣì ń wá a ni! Irinṣẹ́ yín á rí òfìfo, á tẹ "no events found", á sì jáde wẹ́rẹ́. Irọ́ burúkú! Bí token bá ṣì wà, ẹ tún un pè. Ti GetLogEvents, ìpè kejì tó ń ka lọ́ọ̀gì, yàtọ̀ o: token kì í tán níbẹ̀. Ìgbà tó bá dá èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ padà gẹ́lẹ́ ló dé òpin. Ẹni tó bá fi òfin tàkọ́kọ́ mú èkejì, á yípo títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Aago ńkọ́? Millisecond (ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú second kan) ni wọ́n fi ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ní UTC, aago àgbáyé tí ti Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹ fi second ránṣẹ́ ní startTime, aago tí ìwádìí máa bẹ̀rẹ̀, oṣù kìíní ọdún 1970 ni ìwádìí yín á ti bẹ̀rẹ̀! Oníbàárà ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni owó òun há, 14:00 ló sì wà nínú lọ́ọ̀gì. Ẹ kọ +01:00 sídìí aago tí ẹ bá yí padà, ṣé ọwọ́ yín á kán ni?

Òjò ṣú l'Alágbàká, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, irinṣẹ́ yín tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ojú-ewé kan lè tó 1 MB. Dátà ta lẹ ń jẹ? Ẹ fi aago ìlà tó gbẹ̀yìn pamọ́, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ torí ìlà tó pẹ́ dé, kí ẹ wá fi eventId, àmì ìdámọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, yọ èyí tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọ̀ pupa yín ló tún sú èèyàn jù. Èèyàn darí lọ́ọ̀gì sínú fáìlì, "[31mERROR[0m", àmì àwọ̀ lásán, ló bá níbẹ̀. Ẹ fi isatty wò ó bóyá ojú tẹ́míná ló ń lọ kí ẹ tó kùn ún! Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tẹ "Fetching logs..." sí stdout, ojú ọ̀nà tí èsì ń gbà jáde, jq tó ń ka JSON ò lè gbé e mì, parse error ló máa pọ̀. Stderr, ojú ọ̀nà ti ìkìlọ̀ àti ìròyìn, wà níbẹ̀ o, ọ̀fẹ́ ni.