Ojú Kì Í Ti Wèrè, Ará Ilé Rẹ̀ Lojú Ń Tì

Ẹni tó bá ti gbé ilé oníyàrá mẹ́wàá rí, ní Muṣin tàbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mọ bí òwe yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ti ń dá sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Kì í sùn lóru, ó ní àwọn tó wà nínú rédíò ń bú òun. Ìyá rẹ̀ á ti rédíò bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á sọ fún àwọn ará ilé pé ibà ló ń ṣe é, á sì ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yẹn bá máa ṣí, ọmọ á ti bọ́ sí títì, gbogbo àdúgbò á ti rí ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Oṣù mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, ìtìjú ló jẹ ẹ́.

Wèrè tí a ń pè yìí, àìsàn oríṣiríṣi la kó pọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni schizophrenia, tó máa ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó sábà máa ń mú ọkùnrin láti bí ọmọ ọdún 18 sí 25, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó mú obìnrin. Ohùn tí aláìsàn ń gbọ́, kì í ṣe pé ó ń díbọ́n. Ó ń gbọ́ ọ ketekete bí o ṣe ń gbọ́ ohùn kọ̀ńdọ́tọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà. Má bá a jiyàn pé kò sí, má sì gbè é lẹ́sẹ̀ pé ó wà. Sọ fún un pé, "Èmi ò gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń dà ọ́ láàmú." Bí ohùn náà bá ń pàṣẹ fún un pé kó pa ara rẹ̀ tàbí kó ṣe ẹlòmíràn léṣe, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ó tún lè ní wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ oògùn sínú ọbẹ̀ fún un. Ọjọ́ tó bá mọ̀, ẹ ti sọ ìfura rẹ̀ di òótọ́ nìyẹn, kò sì ní jẹun lọ́wọ́ yín mọ́.

Apá kan wà tí ariwo kì í jẹ́ ká rí: kì í wẹ̀, kì í fẹ́ dìde, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, kì í sunkún. Ilé á ní ọ̀lẹ ni. Àìsàn náà nìyẹn pẹ̀lú, ohun tó sì ṣòro níbẹ̀ ni pé oògùn ń mú ohùn rọlẹ̀ ju bó ṣe ń wo èyí lọ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan lójúmọ́, kó pọn omi, kó ká aṣọ. Ẹ má fi èébú lé e dìde.

Láti 1907 ni ilé ìtọ́jú ti wà ní Yábà. Àwa ará Èkó la sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, "Yaba Left", tí ọmọ ilé ìwé fi ń bú ara wọn. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ń lé aláìsàn sẹ́yìn ju bí a ṣe rò lọ, torí àwọn kan á kúkú gbé ọmọ wọn kọjá gééètì ibẹ̀ lọ síbi tí wọ́n á ti fi ṣéènì so ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n á máa nà án. Bí orúkọ Yábà bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ní LASUTH ní Ìkẹjà. Gééètì kan náà tí aláboyún àti oníbà ń gbà wọlé lẹ ó gbà.

Àwọn bàbá wa náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń lò fún wèrè ní èròjà reserpine nínú, èyí tí àwọn dókítà òyìnbó náà fi wo irú àìsàn yìí ní àwọn ọdún 1950. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè wọn iye tó wà nínú àgbo, ó sì ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìwòsàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń fọ́ nìyí. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ haloperidol, oògùn tó ń mú ohùn rọlẹ̀, miligíráàmù 5. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ yí sókè. Ará ilé á pariwo pé àwọn ayé ti dé, wọ́n á da oògùn sí gọ́tà, wọ́n á pe wòlíì tàbí alùfáà. Oògùn náà ló fà á: ó mú iṣan ara le, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, pàápàá fún ọ̀dọ́kùnrin. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn, ẹ mú oògùn dání kí wọ́n rí i. Abẹ́rẹ́ kan ń tú u sílẹ̀ láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Dókítà lè wá dín oògùn kù, tàbí kó fi benzhexol kún un, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Artane. Artane yìí, ẹ má lò ó kọjá bí wọ́n ṣe kọ ọ́, torí àlòjù rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń da orí rú. Olanzapine, oògùn mìíràn fún àìsàn yìí, kì í sábà yí ọrùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ebi á máa pa á ṣáá, á sanra, ṣúgà lè wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ dín mínírà kù, kí wọ́n sì máa wọn ìwúwo àti ṣúgà rẹ̀.

Oorun ló máa ń kọ́kọ́ padà, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohùn lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ara á yá, ìdẹwò á sì dé: "Ṣebí ó ti gbádùn, kí ló tún ń lo oògùn fún?" Ẹni tó jáwọ́ lónìí lè má ṣàìsàn lọ́la. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè gba mẹ́fà, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi rántí pé oògùn tí wọ́n dá dúró ló fà á. Àbúrò bàbá ni wọ́n máa ń dì í rù. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó kéré tán ọdún kan sí méjì ni lílo oògùn. Bó bá ti padà wá rí, ọdún púpọ̀ ni. Ẹni tó máa ń gbàgbé hóró, abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra. Ní oṣù Ramadan tàbí Lẹ́ǹtì, ẹ ní kí dókítà kó hóró oògùn sí alẹ́, lẹ́yìn ìṣínu. Igbó ńkọ́? Ó ń ta ko gbogbo ohun tí oògùn ń ṣe.

Ẹ kọ àmì tí ẹ fi ń mọ̀ pé àìsàn tirẹ̀ ń padà bọ̀ sẹ́yìn káàdì ilé ìwòsàn: òru méjì láìsùn, àwo tó ń gbóòórùn kó tó jẹun, fèrèsé tó fi aṣọ dí. Bí méjì bá pé, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé.

Wọ́n ní wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Àwọn tó wọ ọjà ni àwọn tí ìtọ́jú pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, bó bá sì ṣe pẹ́ tó ló ṣe ń le tó. Òótọ́ inú ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ń ṣa bébà ní Òyìngbò ṣì lè gba oògùn kó sì padà sílé. Nígboro pàápàá, òun ni wọ́n sábà máa ń ṣe léṣe ju kó ṣe ẹlòmíràn lọ.

Ní January 2023, ìjọba fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè tí òyìnbó fi lélẹ̀ ní 1916. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin kò tíì dé ọ̀dọ̀ onílé tó ń sọ pé kí ẹ kó jáde.

Ní ti iṣẹ́, ẹ má tì í sí ìsọ̀ láago méje àárọ̀. Oògùn alẹ́ ń mú oorun àárọ̀ wúwo. Kí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ kó máa dé láago mẹ́wàá, kó kọ́kọ́ ṣe ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí àwọn tó wà ní ìsọ̀ sì máa fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é.